Èrè Rọrùn-ún Pín, Àdánù Ló Ń Tú Ọ̀rẹ́ Ká

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ sílẹ̀ síbí. Mo yọ ibi tí mo ti ń húkọ́ kúrò, mo sì yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Gbogbo ìyókù wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpín la fẹ́ sọ lónìí. Tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta bá fẹ́ pín nǹkan, kí ló ń jẹ́ kí ọ̀kan sọ pé "èyí dára," kí èkejì sì sọ pé "wọ́n rẹ́ mi jẹ"? Àti pé, kí ló dé tí àwọn tó ń pín èrè láìjà fi máa ń jà nígbà tí ó bá di àdánù?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi.

Kámẹ́rà tó já bọ́

Lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì, àwa mẹ́ta kan jọ ń ya fídíò òde: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí. Ọ̀kan nínú wa ló ni kámẹ́rà. Èmi ni mo máa ń yà á. Ẹnì kẹta ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti to fídíò pọ̀. Tí wọ́n bá san ₦300,000 fún wa, ₦100,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń mú lọ sílé. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló ṣe jù. Ó lé ní ọdún kan tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀, a ò sì jà rí.

Ní Sátidé kan, níbi ìgbéyàwó kan, kámẹ́rà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já lu sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó máa tún un ṣe wò ó, ó ní ₦180,000 ni.

Ẹni tó ń to fídíò ní, "Ìwọ ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ìwọ ni kó o tún un ṣe." Ẹni tó ni kámẹ́rà ní, "Ẹ jẹ́ ká pín in sí mẹ́ta, ₦60,000 ₦60,000, bá a ṣe máa ń pín owó." Èmi náà lanu, mo ní, "Kámẹ́rà tìẹ ni. Lọ́jọ́ tá a bá tú ká, ṣé wàá gé e sí mẹ́ta fún wa ni?"

Ẹ wò ó dáadáa. Àlàyé mẹ́ta ni, gbogbo wọn ló sì mọ́gbọ́n wá. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni kó tún un ṣe. Àwọn tó jọ ń jèrè ni kó jọ gbé àdánù. Ẹni tó ni nǹkan ni kó gbé òfò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: oníkálukú wa ló mú àlàyé tí kò ní ná an lówó púpọ̀. Kò sì sí ẹni tó rò pé òun ń ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan. Gbogbo wa ló dá lójú pé ẹ̀tọ́ là ń sọ.

Ẹni tó ni kámẹ́rà fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe, ó sì gbé e lọ. Bí iṣẹ́ wa ṣe parí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí látìgbà náà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ó sì lè má ju gbólóhùn kan lọ: tí èèyàn bá ń wò ó bóyá ìpín dára, kì í ṣe iye tó kàn án nìkan ló ń wò. Ó ń wo ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ ká fi èrè bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta ní Jámánì, Werner Güth, Rolf Schmittberger àti Bernd Schwarze, tẹ ìwádìí kan jáde lórí eré kan tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe. Èèyàn méjì ni, wọn ò mọ ara wọn. Wọ́n á fún ẹnì kìíní lówó, ká sọ pé ₦10,000. Òun ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa pín in. Ẹnì kejì kò ní àyè láti dúnàá-dúrà. "Mo gbà" tàbí "mi ò gbà" nìkan ló lè sọ. Tó bá gbà, wọ́n á pín in bẹ́ẹ̀. Tó bá kọ̀, owó á padà síbi tó ti wá, àwọn méjèèjì á sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Tó bá jẹ́ pé owó nìkan là ń wò, ẹnì kejì yẹ kó gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un. ₦500 ṣáà sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣe eré yìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹni tó ń pín sábà máa ń fi nǹkan bíi 40 sí 50 nínú 100 sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Tó bá fi ohun tí kò tó 20 nínú 100 lọ̀ ọ́, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n fi lọ̀ ló máa ń kọ̀ ọ́. Èèyàn á fi owó tirẹ̀ ṣòfò kí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ má bàa rí nǹkan kan mú lọ.

Àwọn àgbà wa kò dúró de ìwádìí kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ tí kò rí nǹkan kan jẹ nínú oúnjẹ kò ní bá a gbé igbá, ì báà ṣe pé wọ́n máa na ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìdajì-ìdajì ni gbogbo ayé gbà pé ó tọ́. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Joseph Henrich gbé eré yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn Machiguenga nínú igbó Peru. Níbẹ̀, ẹni tó ń pín fi nǹkan bíi 26 nínú 100 sílẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì sì gbà á láìjanpata. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Lamalera ní Indonesia, ẹni tó ń pín fún ẹnì kejì ní ohun tó ju ìdajì lọ.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Iṣẹ́ wọn ni. Ní Lamalera, ẹja àbùùbùtán ni wọ́n ń pa lójú òkun, ẹnì kan kò sì lè dá a pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wọ ọkọ̀ kan. Kí ẹja tó dé èbúté ni wọ́n ti mọ apá tó jẹ́ ti ẹni tó sọ ọ̀kọ̀, apá tó jẹ́ ti àwọn tó ni ọkọ̀, apá tó jẹ́ ti ẹni tó rán ìgbòkun. Àwọn Machiguenga, ní tiwọn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń dá oko rẹ̀, tó sì ń wá oúnjẹ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ọ pa ẹran kò retí ìdajì lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí iṣẹ́ wọn kọ́ wọn ni wọ́n fi wọn owó àjèjì tí wọ́n gbé síwájú wọn.

Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí kà?

Èrè tí a rí he lójú ọ̀nà lèyí tí a ti ń sọ bọ̀. Kò sí ẹni tó lè ní tòun ni tẹ́lẹ̀. Tí ó bá wá jẹ́ ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ńkọ́?

Ní ọdún 1986, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n pe àwọn ará Toronto àti Vancouver ní Kánádà lórí fóònù, wọ́n ń sọ ìtàn kéékèèké fún wọn, wọ́n á sì bi wọ́n pé, ṣé ohun tí ọlọ́jà tàbí ọ̀gá yìí ṣe dára àbí kò dára?

Ìtàn kan nìyí. Ìsọ̀ kan ń ta ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín ní dọ́là 15. Yìnyín ńlá wá rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́jà sọ ọ́ di dọ́là 20. Nínú èèyàn 100, 82 ló ní kò dára.

Òmíràn nìyí. Ẹ̀fọ́ lẹ́tùúsì wọ́n ní ìlú nítorí pé ọkọ̀ tó ń kó o kò ṣe déédéé. Ọlọ́jà ra tirẹ̀ ní sẹ́ǹtì 30 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun náà sì fi sẹ́ǹtì 30 lé e fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Nínú èèyàn 100, 79 ló ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Lójú ẹni tó ń rajà, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọjà wọ́n, owó rẹ sì dínkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ṣọ́bìrì fi ìnira rẹ wá èrè tuntun fún ara rẹ̀. Ẹni tó ta lẹ́tùúsì kò wá èrè tuntun, èrè tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ló ń dáàbò bò. Àwọn èèyàn gbà pé oníbàárà ní iye tó ti mọ́ ọn lára, ọlọ́jà náà sì ní èrè tó ti mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà.

Àwa náà mọ èyí. Ẹ rántí May 29, 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo kúrò ní nǹkan bíi ₦185, ó sì di nǹkan bíi ₦500 l'Ékòó. Dírẹ́bà tó ra epo ní owó tuntun tó sì fi owó lé owó ọkọ̀, àwọn èrò á kùn, ṣùgbọ́n wọ́n á san án. "Kí ló fẹ́ ṣe?" Èyí tó jẹ́ pé epo àtijọ́ ló ṣì wà nínú táǹkì rẹ̀, tó sì sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, òun ni wọ́n máa ń pè ní olè. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lọ́wọ́ èrò. Èrò sì mọ ìyàtọ̀ wọn láìka ìwé kankan.

Ìtàn kẹta nínú ìwádìí yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ilé iṣẹ́ kan ń jèrè díẹ̀. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní ìlú, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n owó ọjà dúró sójú kan. Ilé iṣẹ́ náà gé owó oṣù kù ní 7 nínú 100. Nínú èèyàn 100, 62 ló ní kò dára. Wọ́n wá sọ ìtàn kan náà fún àwọn mìíràn, àfi pé nínú tiwọn, owó ọjà ti fi 12 nínú 100 gbé sókè, ilé iṣẹ́ náà sì fi 5 péré lé owó oṣù. Àwọn tó ní kò dára kò ju 22 nínú 100 lọ.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Tí owó ọjà bá gbéra ní 12, tí owó oṣù rẹ sì gbéra ní 5, ohun tí o lè rà ti dínkù ní ohun tó lé díẹ̀ ní 6. Òṣìṣẹ́ kan náà ni, ìyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n èkíní dà bíi pé wọ́n ja nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ, èkejì sì dà bíi pé wọ́n fún ọ ní nǹkan. Kahneman àti Amos Tversky ti kọ ọ́ láti ọdún 1979 pé ìrora àdánù máa ń wúwo lọ́kàn èèyàn ju ayọ̀ èrè tí iye wọn dọ́gba lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀gá tó bá gbọ́n kì í gé owó oṣù. Á kàn jókòó jẹ́ẹ́, á jẹ́ kí ọ̀wọ́n gógó bá òun gé e.

Igi mélòó, orí mélòó?

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ibi tí a ti ń kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye nìkan. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí à ń kà.

Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀nà méjì la fi ń pín ogún olórogún. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ la ń kà, ìdí kọ̀ọ̀kan á sì mú ìpín kan. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ la ń kà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì mú ìpín tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan fi ₦36 mílíọ̀nù sílẹ̀ àti ìyàwó mẹ́rin. Ìyá Àkọ́kọ́ bí ọmọ kan, èkejì bí mẹ́rin, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin bí méjì méjì. Ọmọ mẹ́sàn-án ni. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ₦4 mílíọ̀nù ló máa kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ₦9 mílíọ̀nù ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àkọ́kọ́ bí máa gba ₦9 mílíọ̀nù, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ìyàwó kejì á sì gba ₦2,250,000.

Èwo ló dọ́gba? Àwọn méjèèjì ni! Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹni tó ń ka igi rí i pé igi dọ́gba. Ẹni tó ń ka orí rí i pé orí dọ́gba. Ìjà wọn kì í ṣe lórí ìdọ́gba, lórí ohun tí wọ́n ń kà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ rí, ó sì lọ jìnnà. Suberu Dawodu, ará Èkó, kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kò sì kọ ìwé ìhágún. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí, ó ní ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ní ọdún 1958, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ nígbà náà da ìdájọ́ yẹn nù. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn náà sì fara mọ́ ìdí-igi ní ọdún 1962. Ohun tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole fi lélẹ̀ ni pé ìdí-igi ni àṣà gan-an, ṣùgbọ́n tí ìjà bá wà nínú ẹbí, olórí ẹbí lè pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò.

Ẹ kíyè sí i pé olórí ẹbí ni wọ́n fún lágbára láti yan ohun tí wọ́n máa kà. Ẹni tó bá yan ohun tí a máa kà, òun gan-an ló pín ogún náà. Ìyókù kò ju ìṣirò lọ.

Tí ẹrù bá di ohun tí a ń jù sómi

Ó wá ku àdánù. Bóyá ẹ ò mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ní òfin lórí èyí láti ayé àtijọ́. Àwọn ará Rhodes, erékùṣù kan nínú òkun Mẹditaréníà, ni wọ́n ń fi òfin náà pè. Àwọn ará Róòmù gbà á, ó sì wà nínú ìwé òfin tí Ọba Justinian ní kí wọ́n kó jọ ní ọ̀rúndún kẹfà.

Òfin náà nìyí: tí ìjì bá ń jà, tí wọ́n sì ju ẹrù ẹnì kan sómi kí ọkọ̀ má bàa rì, gbogbo àwọn tí nǹkan wọn yè ni yóò dá àdánù náà padà pẹ̀lú rẹ̀, oníkálukú gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní nínú ọkọ̀ ṣe tó. Ká ní ọkọ̀ àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ tó ₦100 mílíọ̀nù, wọ́n sì ju ti ₦10 mílíọ̀nù nù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni oníkálukú máa pàdánù, títí kan ẹni tí wọ́n ju ẹrù rẹ̀.

Òfin yìí kò tíì kú. Ní March 2021, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Ever Given há sínú ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì. Ó gbé nǹkan bíi 18,000 kọ̀ǹténà. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi fà á kí ó tó léfòó. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ Japan tó ni ọkọ̀ náà lo òfin àtijọ́ yìí, pé kí àwọn oní-kọ̀ǹténà bá wọn dá nínú ìnáwó tí wọ́n fi yọ ọkọ̀. Ẹni tó kàn fi kọ̀ǹténà bàtà kan ránṣẹ́ kò wa ọkọ̀, kò sì gbé e há. Síbẹ̀, ó ní láti fi ohun ìdúró sílẹ̀, tàbí kí ilé iṣẹ́ adójútòfò dúró fún un, kí ó tó lè gba ẹrù rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn oníṣòwò fi gba irú òfin yìí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún? Torí pé kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n ti gbà á. Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ ẹrù tí wọ́n máa jù. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ní èbúté, kò tíì kọjú sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo kà á débí, mo rò pé mo ti rí ìdájọ́ kámẹ́rà wa: ká dá a pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò bá a mu. Ẹrù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jù láti gba gbogbo ọkọ̀ là ló wà fún. Tí omi bá kàn wọlé tó ba ẹrù rẹ jẹ́, o ò lè ní kí àwọn yòókù dá a padà fún ọ. Kámẹ́rà wa kò já bọ́ láti gba ẹnikẹ́ni là.

Òfin tó sún mọ́ tiwa jù ni èyí tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní mudaraba. Ẹnì kan mú owó wá, ẹnì kejì mú iṣẹ́ wá. Bí wọ́n bá ṣe àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa pín èrè. Ṣùgbọ́n tí àdánù bá wọlé, olówó ló gbé àdánù owó, òṣìṣẹ́ sì gbé àdánù wàhálà rẹ̀, torí òun náà ti ṣiṣẹ́ lásán. Èrè àti àdánù kò tẹ̀lé ìlànà kan náà, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú mi dùn nígbà tí mo ka ìyẹn. Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn ṣáà, pé kámẹ́rà tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà kò parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àìbìkítà òṣìṣẹ́ ló fa àdánù, òṣìṣẹ́ ni yóò san án.

Kámẹ́rà yẹn ní okùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, okùn náà wà lọ́rùn mi. Mo bọ́ ọ nígbà tí oòrùn mú torí pé ó ń yún mi lọ́rùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí à ń jà, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí.

Ìyàwó mẹ́ta àti ọgbọ́n àwọn Júù

Ó ku ìtàn kan, torí òun ló so èrè àti àdánù pọ̀. Nínú Talmud, ìwé tí àwọn àgbà Júù àtijọ́ ti ń tú òfin wọn, ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó wọn sọ pé kí èkíní gba 100, kí èkejì gba 200, kí ẹ̀kẹta gba 300. Ohun tó fi sílẹ̀ kò tó o. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in?

Ìwé náà ní: tó bá ku 100, kí wọ́n pín in dọ́gba. Tó bá ku 200, kí èkíní gba 50, kí àwọn méjì yòókù gba 75, 75. Tó bá ku 300, kí wọ́n gba 50, 100 àti 150.

Ó dà bíi pé ìlànà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà sì dá rúdurùdu sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ní ọdún 1985, Robert Aumann àti Michael Maschler fi hàn pé ìlànà kan ṣoṣo ni. Tí owó bá kéré, kí ẹ máa kà láti ìsàlẹ̀: kí ẹ pín ohun tó wọlé dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ìdajì ohun tó tọ́ sí i, kó dúró ná. Tí gbogbo wọn bá ti gba ìdajì tán, kí ẹ yí padà, kí ẹ máa kà láti òkè: àdánù ni kí ẹ pín dọ́gba báyìí. Tí ó bá jẹ́ pé 500 ló kù, àdánù kò ju 100 lọ, ìyẹn 33 àti ìdá mẹ́ta ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà yẹn mọ̀ pé ọkàn èèyàn máa ń yí ibi tó ti ń kà padà. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ló kù, ohunkóhun tí o bá rí, èrè ni. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ló sọnù, ohunkóhun tí o kò bá rí, àdánù ni.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi

Kí n tó gba ohùn ètò yìí sílẹ̀, mo pe ẹni tó ni kámẹ́rà. Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní owó kọ́ ló dun òun. Ó ní, "Kámẹ́rà mi ló ń ṣiṣẹ́ fún wa fún ohun tó lé lọ́dún kan. Mi ò gba owó ìyáwó rẹ̀ lọ́wọ́ yín rí, ₦100,000 tí ẹ̀ ń gbà ni èmi náà ń gbà. Ìgbà tó wá bàjẹ́ lo wá rántí pé tèmi ni."

Ẹ gbọ́ o. Lójú tèmi, ìdá mẹ́ta ọgbọọgba ni ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kà, torí náà ₦60,000 jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Lójú tirẹ̀, ó ti ń fún wa ní nǹkan láti ọjọ́ kìíní, ₦60,000 sì ni ohun kékeré tó kọ́kọ́ béèrè padà. Gbogbo ìgbà tí a fi ń pín èrè láìjà, kì í ṣe pé a fẹnu kò. A kò tíì mọ̀ ni pé ibi tí a ti ń kà kì í ṣe ọ̀kan.

Mo ní kí n san gbogbo ₦180,000. Ó kọ̀. Ó ní ₦60,000 tí òun sọ lọ́jọ́ yẹn náà ni òun máa gbà, kì í ṣe kọ́bọ̀ lé e. Mo fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Àwa méjèèjì sì mọ̀ pé ₦60,000 ìgbà yẹn kọ́ ni ₦60,000 òní, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀wọ́n gógó bá wa pín in.

Ẹnì kẹta wa ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ o, pé èmi ni mo jù ú sílẹ̀.

Tí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ jọ ń ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ìsọ̀, oko, ọkọ̀ èrò tàbí ètò bí irú èyí, ẹ má dúró de ìjì. Ẹ jókòó nígbà tí kò tíì sí ohun tó bàjẹ́, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ara yín. Kí ni oníkálukú mú wá, ṣé a sì kà á? Tí àdánù bá dé, ṣé orí la máa kà ni, àbí owó tí oníkálukú ní níbẹ̀? Kí ni a máa pè ní àìbìkítà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ láàárín ọ̀rẹ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni olórí ẹbí nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí, báwo lẹ ṣe máa pín ₦180,000 náà? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.